Ẹni Tó La Ọ̀nà Tí Kò Rìn Ín Dé Òpin: Ọ̀rọ̀ Lórí Gram Parsons

 

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà oko rí ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò mọ̀ pé ẹni tó ṣíwájú ni ìrì máa ń pa. Ṣòkòtò rẹ̀ á tutù dé orúnkún, koríko á sì máa nà án lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bá ọ̀nà gbígbẹ, wọn a sì máa fi ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín rìn ín lọ. Bí wọ́n bá dé oko tán, ta ni yóò rántí ẹni tó gbọn ìrì? Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Olórin ni, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, Gram Parsons sì ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 26 péré ló lò láyé. Nígbà tó wà láàyè, àwo orin rẹ̀ kò tà. Lẹ́yìn tó kú, ipa ẹsẹ̀ tó tọ̀ di títì gbòòrò tí ọ̀pọ̀ olórin ń gbà títí di òní.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú orin méjì kan tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní kọ́ńtìrì. Orin ará oko ni, orin àwọn aláwọ̀ funfun ìhà gúúsù Amẹ́ríkà: àgbẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Wọ́n ń fi í kọrin nípa ilé àti ìyá, nípa ìyàwó tó kọ ọkọ sílẹ̀, nípa ọtí, nípa ẹ̀wọ̀n àti nípa Ọlọ́run. Gìtá ni wọ́n ń ta sí i, àti gòjé òyìnbó, àti bánjò. Bánjò yìí gan-an, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ni wọ́n gbé ọgbọ́n rẹ̀ dé ilẹ̀ náà. Ìlú Nashville ni olú ìlú orin kọ́ńtìrì. Láti ọdún 1925 ni ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì kan níbẹ̀ sì ti ń gbé ètò orin kan sáfẹ́fẹ́, èyí tí a mọ̀ sí Grand Ole Opry. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ́ràn àwo Jim Reeves, irú orin tí à ń wí nìyẹn.

Ìkejì ni rọ́ọ̀kì. Orin àwọn ọ̀dọ́ ni, a máa dún kíkankíkan, gìtá rẹ̀ a sì máa lo iná mànàmáná. Ara orin àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ló ti yọ. Nígbà tó fi di ọdún 1968, àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì ti dá irun wọn sí gígùn, wọ́n sì ń pariwo pé kí ìjọba kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní Vietnam. Àwọn oníkọ́ńtìrì ń pè wọ́n ní aláìníláárí, àwọn náà sì ń pe àwọn oníkọ́ńtìrì ní ará oko tí ojú wọn kò là. Bí ọ̀dọ́ kan ní ìlú ńlá bá sọ nígbà náà pé òun fẹ́ràn orin kọ́ńtìrì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àárín ọ̀tá méjì yìí ni Gram Parsons lọ dúró sí.

Ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní ìlú Winter Haven, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ingram Cecil Connor ni wọ́n sọ ọ́. Ìdílé ìyá rẹ̀ lówó púpọ̀, oko ọsàn wọn lọ súà, ó wà lára àwọn tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ náà. Ìlú Waycross, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ló ti dàgbà. Ibẹ̀ ni Elvis Presley ti wá ṣeré ní ọdún 1956, tí ọmọdékùnrin yìí lọ wò ó. Kò tíì pé ọmọ ọdún 10 nígbà náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni orin ti wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí owó ilé wọn, ìgbà èwe rẹ̀ tù ú lára. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1958, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ méjì, bàbá rẹ̀, tó ti jẹ́ awakọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkùnrin mìíràn, Parsons sì ni orúkọ ọkọ tuntun yìí, ẹni tó gba ọmọ náà ṣe tirẹ̀. Bí orúkọ ọmọ ṣe yí padà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọtí ti wọ ìyá náà lẹ́wù, ó ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ gan-an tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe àṣeyege ilé-ìwé gíga, ní oṣù Kẹfà ọdún 1965, ni ìyá náà kú. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wo ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ijó àti ayọ̀. Owó ń bẹ nílé wọn rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n owó kò lè jí òkú. Ẹni tó bá gbọ́ ìbànújẹ́ inú ohùn Gram Parsons lórí àwo, kí ó rántí pé kò yá ìbànújẹ́ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1965 kan náà, ó wọ Yunifásítì Harvard, ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé ń bu ọlá fún. Kò ju ìdá kan nínú ọdún ẹ̀kọ́ lọ tó lò níbẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ eléré kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní International Submarine Band. Orin kọ́ńtìrì ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ onírun gígùn ni wọ́n. Àwo wọn, «Safe at Home», jáde ní ọdún 1968. Àwọn tó rà á kò pọ̀, kódà kí àwo náà tó jáde ni ẹgbẹ́ ti tú ká.

Ibí ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹgbẹ́ kan wà ní Los Angeles tí wọ́n ń pè ní The Byrds, gbajúmọ̀ ni wọ́n káàkiri Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjì ti kúrò láàárín wọn, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa tẹ dùùrù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968, wọ́n gba Gram Parsons. Roger McGuinn, olórí wọn, ti ní èrò láti ṣe àwo ńlá kan tí yóò sọ ìtàn orin Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òní. Ṣùgbọ́n àlejò tuntun yìí, pẹ̀lú Chris Hillman tí òun náà fẹ́ràn kọ́ńtìrì láti kékeré, yí gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n kó ara wọn lọ sí Nashville láti lọ gba ohùn sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá orin kọ́ńtìrì gan-an. Ẹni tí wọ́n pè wá tẹ dùùrù ti di atọ́nà ilé.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1968, The Byrds bọ́ sórí pèpéle Grand Ole Opry. Kò sí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì onírun gígùn tó ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn kan láàárín èrò ń hó lé wọn lórí. Wọ́n ti ṣètò pé orin Merle Haggard, àgbà olórin kọ́ńtìrì, ni wọn yóò kọ tẹ̀lé e, ètò náà sì ń lọ lórí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Àfi bí Gram Parsons ṣe sọ fún èrò pé orin mìíràn lòun fẹ́ kọ fún ìyá òun àgbà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ «Hickory Wind», orin tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ ṣe nípa ilé àti ìgbà èwe. Inú bí àwọn alákòóso. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Àfojúdi wà nínú ohun tó ṣe, nítorí ilé onílé ló wà. Ṣùgbọ́n orin tó fi ṣe àfojúdi náà, orin kọ́ńtìrì pọ́nńbélé ni. Ó ń sọ fún wọn pé, «Ọmọ yín lèmi náà.» Wọn kò sì gbà á lọ́mọ.

Àwo tí wọ́n ṣe náà, «Sweetheart of the Rodeo», jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1968. Wàhálà ti dé kó tó jáde. Ilé iṣẹ́ àwo tó kọ́kọ́ gba Parsons síṣẹ́ ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́, wọ́n sì ní àwọn ni àwọn ni ohùn rẹ̀. Nítorí èyí, wọ́n yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú àwọn orin kan, wọ́n fi ti McGuinn rọ́pò rẹ̀. Orin mẹ́ta péré ni ohùn rẹ̀ ti ṣíwájú nínú èyí tó jáde. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń to àwo sí bó ṣe ń tà, ipò 77 ló dé, ó sì ti mọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì ní kí ni èyí. Àwọn oníkọ́ńtìrì kò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, àwo yìí ni àwọn onímọ̀ orin ń tọ́ka sí lónìí bí ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ orin alámùúlúmọ́là tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtìrì rọ́ọ̀kì.

Kí àwo náà tó jáde ni Parsons ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà, nígbà tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, The Byrds fẹ́ lọ ṣeré ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ń tẹ àwọn ènìyàn dúdú rì. Parsons ní òun kò ní í lọ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sọ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ìyẹn nìkan ló dá a dúró, pé ó fẹ́ máa bá àwọn Rolling Stones ṣe fàájì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ṣeé ṣe kí ìdí méjèèjì wà níbẹ̀. Inú ènìyàn jìn. Ohun tó dájú ni pé àwọn yòókù lọ, wọ́n sì kábàámọ̀. Wọ́n ti ṣèlérí fún wọn pé dúdú àti funfun ni yóò jọ jókòó wo eré náà, ṣùgbọ́n ìlérí náà kò ṣẹ.

Nígbà tí wọ́n dé, Chris Hillman pàápàá fi The Byrds sílẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ Parsons, wọ́n dá Flying Burrito Brothers sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń hun orin. «The Gilded Palace of Sin» ni wọ́n pe àwo wọn, ó jáde ní oṣù Kejì ọdún 1969. Wọ́n dá aṣọ sí ilé iṣẹ́ Nudie Cohn, gbajúmọ̀ aránṣọ àwọn olórin kọ́ńtìrì. Àgbélébùú ńlá kan wà lẹ́yìn aṣọ Parsons, ṣùgbọ́n ewé igbó àti kóró oògùn ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ ya sí iwájú rẹ̀. Igi tó bá máa gún ni lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Parsons rí igi náà, aṣọ ló fi ṣe.

Nínú àwo yìí, ó mú orin méjì tí James Carr àti Aretha Franklin, akọrin dúdú méjèèjì, ti gbé jáde ní ọdún 1967, ó kọ wọ́n lọ́nà kọ́ńtìrì. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ wọn, kò sì yí ọ̀rọ̀ wọn po. Ó kàn fi hàn pé ẹkún kan náà ni àwọn méjèèjì ń sun, ará oko funfun àti ará ìlú dúdú. Ohun tó ń lépa nìyẹn, pé gbogbo orin Amẹ́ríkà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ óò tún gbọ́ ohùn irinṣẹ́ kan nínú àwo náà, gìtá kan tí wọn kì í gbé kọ́ àyà. Orí ẹsẹ̀ bíi ti tábìlì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Eléré á jókòó tì í, á fi irin dídán yọ̀ lórí okùn rẹ̀, á sì máa fi ẹsẹ̀ àti orúnkún yí ohùn rẹ̀ sókè sódò, tí yóò máa dún bí ẹni ń sunkún. Kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo «Juju Music» tí Ọba Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982, ẹ ti gbọ́ ọ. Irú gìtá yìí ni Demola Adepoju ń ta níbẹ̀. Ohun tí àwọn oníkọ́ńtìrì fi ń sunkún ni àwọn onijùjú wa sọ di ohun ijó. Bí orin ṣe ń rìn nìyẹn, kì í gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aṣọ́bodè.

Síbẹ̀, ipò 164 ni àwo náà dé. Owó tí Parsons jogún ń wọlé, nítorí náà ebi kò lé e sẹ́nu iṣẹ́. Ọtí àti oògùn olóró sì ti mú un. Bí wọ́n bá pe eré, ó lè pẹ́ dé. Bí ó bá dé, ó lè má lè dúró. Ní ọdún 1970, Hillman, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ dá sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan tún yọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀. Hillman kan náà ló gbọ́ ọmọbìnrin kan tó ń kọrin ní ilé ọtí ní ìlú Washington, Emmylou Harris ni orúkọ rẹ̀, ló bá ní kí Parsons lọ gbọ́ ọ. Orin kọ́ńtìrì kò jẹ́ nǹkan kan lójú ọmọbìnrin náà tẹ́lẹ̀. Parsons ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ohùn kejì tẹ̀lé ohùn kìíní, kí ọ̀kan má ṣe bo èkejì mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ kọrin nínú àwo rẹ̀ tí wọ́n pè ní «GP», èyí tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1973, àwọn onílù àti onígìtá Elvis Presley ló sì bẹ̀ lọ́wẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn ọdún náà, wọ́n ṣe àwo kejì, «Grievous Angel». Àwọn tó mọ orin ní kò ṣe èyí tó dára tó o rí.

Kò rí i kó jáde. Ó lọ sinmi ní ilé ìtura kékeré kan ní Joshua Tree, ní aṣálẹ̀ California, ibi tó fẹ́ràn gan-an. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973 ni ọtí àti oògùn olóró pa á níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ju orin rẹ̀ lọ. Alábòójútó ìrìn àjò rẹ̀, Phil Kaufman, ní àwọn ti jọ ṣàdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, kí èkejì sun òkú rẹ̀ ní aṣálẹ̀ náà. Òun àti ẹnì kan lọ fi ẹ̀tàn gba pósí náà ní pápá ọkọ̀ òfurufú Los Angeles, wọ́n gbé e lọ sí Joshua Tree, wọ́n sì ti iná bọ̀ ọ́. Ilé-ẹjọ́ bu 300 dọ́là owó ìtanràn lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì tún san owó pósí. Ìpínlẹ̀ Louisiana ni wọ́n sin ìyókù ara rẹ̀ sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni pé ìtàn òkú yìí ti bo iṣẹ́ alààyè náà mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìròyìn burúkú a máa yára ju ìròyìn rere lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ náà. Emmylou Harris kò jẹ́ kó parun. Ó ń kọ àwọn orin ọ̀gá rẹ̀ káàkiri, ó di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá orin kọ́ńtìrì, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn akọni kọ́ńtìrì ní Nashville ní ọdún 2008. Bernie Leadon, tó ti bá Parsons ṣeré nínú Burrito Brothers, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Eagles sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ọ̀nà alámùúlúmọ́là yìí ni wọ́n tọ̀. Nígbà tó di ọdún 2018, wọ́n kà á pé àwo kan ṣoṣo lára tiwọn ti tà tó 38 mílíọ̀nù ní Amẹ́ríkà nìkan. Keith Richards ti Rolling Stones náà jẹ́wọ́ pé ọwọ́ Parsons ni òun ti kọ́ ìjìnlẹ̀ orin kọ́ńtìrì. Ní ọdún 1999, àwọn olórin oríṣiríṣi kóra jọ, wọ́n ṣe àwo kan láti fi bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi The Byrds sí ilé ìrántí àwọn akọni rọ́ọ̀kì ní ọdún 1991, àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ni wọ́n pè. Wọn kò pe orúkọ Parsons mọ́ wọn.

Kì í ṣe òun nìkan ló la ọ̀nà náà, ó sì yẹ kí a sọ òtítọ́. Bob Dylan ti gba ohùn sílẹ̀ ní Nashville ṣáájú rẹ̀. Gene Clark àti Chris Hillman náà ti ń po orin méjèèjì pọ̀. Kò sí ẹni tó lè dá ọ̀nà là. Ohun tó jẹ́ ti Parsons ni pé kò fi orin kọ́ńtìrì ṣe àwàdà tàbí ohun ọ̀ṣọ́. Ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ náà kò mú èrè wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ óò bá mi mú dání. Èkíní, bí ẹ bá mọ̀ pé ohun kan dára, ẹ má jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ yín gbà á lọ́wọ́ yín. Ìkejì, ara ni àpò tí a fi ń gbé ẹ̀bùn; bí àpò bá ya, ẹ̀bùn á dà sílẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé oògùn olóró ló jẹ́ kí irú àwọn wọ̀nyí lè kọrin. Irọ́ ni. Oògùn náà ló gba ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì pa á nígbà tí orin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin àgbà, tiyín kò pọ̀. Ó dájú pé ẹni kan wà ní àdúgbò yín tó ń gbọn ìrì lọ́wọ́ báyìí: onílù ni o, akéwì ni o, olùkọ́ ni o. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ óò gbọ́ ìròyìn òkú rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohun tó ń ṣe. Ẹ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ kí i kú iṣẹ́.